Kì í Ṣe Gbogbo Epo Tó Ń Dà Ló Ń Jò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni a sanwó àtúnṣe kábúrétọ̀ ọkọ̀ Dádì mi nínú ìsinmi tó kọjá, òórùn bẹntiróòlù kò sì kúrò nínú ọgbà wa. Pijó 504 ni ọkọ̀ náà, ó sì jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Nígbà àkọ́kọ́, Dádì pe mẹkáníìkì lórí fóònù, wọ́n ní, "Kábúrétọ̀ yẹn ń jò o." Ọkùnrin náà gbọ́ "jò", ó ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi pààrọ̀ ti àtijọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òórùn ti padà dé. Dádì tún pè é: "Ó ṣì ń jò." Ó tún wá, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo wọlé àti ìdè ẹnu rẹ̀. N kò bá a wí. Ohun tí a sọ fún un ló tún ṣe.

Nígbà kẹta, a fa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Bàbá kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi béèrè pé, "Ṣé ó ń jò ni, àbí ó ń kún?"

Èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo rò pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi wá lẹ́ẹ̀mejì. Dádì náà ò mọ ìyàtọ̀. "Epo ṣáà ń dà," ni Dádì wí.

Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé garawa iyanrìn wá sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn náà wọ́n mú àkísà, wọ́n nu kábúrétọ̀ náà gbẹ láti òkè dé ìdí, nítorí pé ohun tó ti tutù káàkiri kò lè fi ibi tí epo ti wá hàn wá. Wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ ta ọkọ̀, kó tètè pa á, àwọn fúnra wọn sì tẹjú mọ́ ọn. Rọ́bà gbẹ. Ojú ibi tí ìdérí ti pàdé ìkòkò epo náà gbẹ. Inú ọ̀fun kábúrétọ̀ ni epo ti ń yọ, tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀.

"Kò jò," ni Bàbá wí. "Ó kún ni. Ó wá ń bì."

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí mọ ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù kan máa ń léfòó nínú táńkì omi òkè. Bí omi bá ń gòkè, bọ́ọ̀lù á máa bá a gòkè, tó bá dé ibi tó yẹ, á ti ẹnu páìpù pa. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá bàjẹ́, omi á máa dà láti ẹnu táńkì mọ́jú. Kò sẹ́ni tó máa pe púlọ́ńbà pé kó wá dí ihò, torí táńkì kò lu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú kábúrétọ̀ rí. Ìkòkò kékeré kan wà níbẹ̀ tí epo ń dúró sí. Fúlótì ń léfòó lórí epo náà, òun ló ń ti abẹ́rẹ́ kan mọ́ ojú ihò tí epo ń gbà wọlé. Bí ìdọ̀tí bá há sẹ́nu abẹ́rẹ́, tàbí tí ẹnu abẹ́rẹ́ ti jẹ, tàbí tí ẹni tó tún un ṣe tẹ ahọ́n fúlótì sódì, ihò kò ní pa dé. Bí fúlótì fúnra rẹ̀ bá sì là, epo á wọ inú rẹ̀, á wúwo, kò ní lè léfòó mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì ọgọ́rùn-ún kò lè wo èyí sàn.

Bàbá yọ fúlótì, wọ́n gbọ̀n ọ́n sí mi létí. Epo ń mì nínú ohun tó yẹ kó ṣófo. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú omi gbígbóná, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tó ti là. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n tún fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì nà án sí Dádì láìsọ̀rọ̀. Ọ́ìlì ń rùn bẹntiróòlù. Epo tó ń ṣàn gba ọ̀fun kábúrétọ̀ ti wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó ti bu ọ́ìlì là, ọ́ìlì tó sì ti ṣàn bí omi kò lè dáàbò bo irin mọ́. A pààrọ̀ ọ́ìlì náà kún un. Ká ní ìkòkò yẹn kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí epo dà sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná lójú títì, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ owó ni mi ò bá máa sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó Dádì ló gbé mi dé orí kíkọ. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo fẹ́ fi gboyè dá lórí ọ̀rọ̀ àyálò lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo ń na ìka sí nǹkan, mo ń béèrè pé, "Kí lẹ ń pe èyí?" Wọ́n ń dá mi lóhùn pé kábúrétọ̀, fúlótì, jẹ́ẹ̀tì, pulọ́ọ̀gì. Mo ṣàlàyé bí a ṣe fi fáwẹ̀lì sáàárín kọ́ńsónáǹtì méjì nínú gásíkẹ́ẹ̀tì, mo fi àmì ohùn sórí gbogbo sílébù, mo wá fi kádìí orí kẹta pé àyálò ni ìmọ̀ iṣẹ́ yìí láti òkè délẹ̀ nínú èdè wa.

Ẹni tó bá na ìka sí nǹkan, orúkọ ni wọ́n máa fún un. Nínú gbogbo oṣù méjì yẹn, n kò bi ẹnì kankan pé, "Kí ló ń ṣe é?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ Bàbá, mo gbọ́ pé rọ́bà máa ń là, ìdè ẹnu rẹ̀ a máa dẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì a máa gan. Mo gbọ́ pé ojú ìsopọ̀ máa ń làágùn kó tó kán, á sì máa kán kó tó jò. Èyí tó ń làágùn kàn máa ń tutù ni, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. A lè kọ́kọ́ fún bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ká sì máa wò ó. (Bí o bá fún un jù, ìdérí á wọ́, ìgbà yẹn ni yóò wá jò lóòótọ́.) Abẹ́rẹ́ ń há, ó sì ń jẹ, èyí tó há, fífọ̀ lè tó o, èyí tó ti jẹ, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀. Fúlótì ń mu epo. Ìkòkò ń kún, ọ̀fun ń bì, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, á yọ èéfín dúdú, á kú. Kò sí ìkankan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí tí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń darí ọwọ́ sí ibi ọ̀tọ̀. Orúkọ nǹkan ni àwọn mẹkáníìkì yá. Wọn kò yá ìmọ̀ ohun tó ń ṣe é.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ẹ̀ka wa nìyí, èmi náà sì wà lára àwọn tí mo ń pè lẹ́jọ́. Mo mọyì iṣẹ́ àwọn àgbà tó fún wa ní Èdè Ìperí Yorùbá, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú apá kìíní rẹ̀. Láìsí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyà ni ìbá jẹ wá nínú kíláàsì gírámà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá ti jókòó láti sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àkójọ orúkọ ni a máa ń ṣe. A ó ka èyí tí kò sí, a ó káwọ́ lérí. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa tilẹ̀ dá a lábàá pé kí a máa pe kábúrétọ̀ ní "apo-epo-mọ́-afẹ́fẹ́". Mo gbé e lọ fún Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí táyà.

Àwọn kan á ní ayé kábúrétọ̀ ti lọ, pé ọkọ̀ ìgbàlódé kò lò ó mọ́. Òótọ́ ni, ní ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ fi ń ka ìwé lóru ní kábúrétọ̀, ó ní fúlótì, ó ní abẹ́rẹ́. Òkè ni táńkì epo rẹ̀ wà. Bí ẹ bá pa á tí ẹ kò ti ẹnu epo, tí abẹ́rẹ́ sì há, epo á máa wọ̀ sí i jẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ ó sì jí sáàárín òórùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà náà ṣì ń lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ti ẹnu epo.

Ní ti ọkọ̀ tuntun, skánà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ìsinsìnyí ń kì bọ̀ ọ́. Níbi tí Bàbá ti máa ń sọ pé "ó ń mu epo jù", P0172 ni skánà máa kọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé epo pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́ tó bá a wọlé. N kò bá skánà jà, ó wúlò. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá tó kéré jù mọ P0172. Mo bi í kí ló fi làágùn yàtọ̀ sí kán, ó ní kí n lọ bi Bàbá.

Mo ti sọ fún alábòójútó iṣẹ́ mi pé mo fẹ́ tún orí kẹta kọ. Wọ́n wo kàlẹ́ńdà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní ó kù sí mi lọ́wọ́. Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa fún ni pé nínú kọ́ọ̀sì tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń gba èdè sílẹ̀, kí a lo ọjọ́ kan péré ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, kí a má sì béèrè orúkọ ohunkóhun. Kí a kàn dúró ti ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn, kí a máa gbọ́. Mo ti bá Bàbá sọ ọ́. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ kò rọrùn fún àwọn, pé Sátidé ni kí a wá, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì wọ aṣọ funfun.