Nọ́ńbà Tó Dáa Lọ́rùn Ẹsẹ̀ Lè Máa Tàn Wá

Tí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ dáadáa, á wọn ìfúnpá lọ́rùn ẹsẹ̀, á wọn ti apá, á wá fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. 1.00 sí 1.40, kò sí wàhálà. 0.90 sísàlẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ti ń dí nìyẹn. Mi ò bá ìṣirò yìí jà o.

Àmọ́ ẹ wo ẹni tí ìtọ̀ súgà ti ń bá fínra tipẹ́. Kálísíọ́mù lè ti gba ara iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó le gbagidi bíi páìpù irin. Aṣọ tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ò ní lè fún un pa bọ̀rọ̀, nọ́ńbà á wá ga kọjá 1.40. Ìyẹn ṣì sàn, torí dókítà á fura. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni iṣan tó dí tó sì tún le: dídí ń fa nọ́ńbà wálẹ̀, líle ń tì í sókè, ó wá dúró sí 1.1. Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ egbò àtẹ́lẹsẹ̀ ò jinná.

Lójú tèmi, kò yẹ kí wọ́n fi nọ́ńbà yẹn nìkan dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé. Kí wọ́n wọn ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Iṣan ibẹ̀ kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Tí ìyẹn ò bá tó 0.70 ti apá, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ìyá tó ní ìtọ̀ súgà, ẹ bi wọ́n léèrè ní ọsibítù bóyá wọ́n ti wọn ti ọmọ ìka.