ÌLERA NÍNÚ ILÉ: “O Ti Sanra O!”

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, níbi ìkómọ kan la ti bá a pàdé lọ́dún tó kọjá. Àǹtí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé rí ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ wa, ọmọ ọdún 14. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà mú, ó ní, “Háà! O mà ti sanra o! London gbà ẹ́!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Nílé lọ́hùn-ún, àdúrà ni ọ̀rọ̀ yẹn: ìyà ò jẹ ọ́, àìsàn ò ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Ohun tí etí tirẹ̀ gbọ́ ni èébú tí wọ́n fi ń bú àwọn ọmọ nílé ìwé. Kò fọwọ́ kan ìrẹsì iwájú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i nínú wa.

Ìyá rẹ̀ ló ní ká kọ ìyókù, ká má ṣáà dárúkọ. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀: Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́ Ẹtì. Inú ìyá ń dùn, ó ń ròyìn fún wa pé ọmọ òun ti di jagunjagun àdúrà. Nígbà tó yá, ààwẹ̀ di ojoojúmọ́. Ó ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, irun ń já lórí rẹ̀, nǹkan oṣù dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta. Ìgbà tó dákú nílé ìwé ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Anorexia ni wọ́n pè é.

“Àìsàn òyìnbó nìyẹn.” Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń sọ nìyẹn, àwa tí à ń kọ ojú ewé yìí náà sì ti sọ ọ́ rí. Irọ́ ni. Ìgbàgbọ́ yẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lára ọmọ tiwa. Kì í ṣe agídí, kì í ṣe ìwà burúkú. Nínú àwọn àìsàn ọpọlọ, anorexia wà lára èyí tó ń pa èèyàn jù. Ẹlòmíì a jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, á wá lọ bì í, tàbí kó gbé oògùn ìyàgbẹ́ mì, bulimia nìyẹn. Onítọ̀hún lè má rù rárá, ṣùgbọ́n èébì ń kó potassium kúrò lára, ìyẹn sì lè da lílù ọkàn rú. Àwọn kan wà tó ń jẹ àjẹjù ní kọ̀rọ̀ tí wọn ò bì í, ìtìjú ló ń pa wọ́n. Ó ń ṣe ọmọkùnrin náà o.

Ṣé ká wá jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ohun tó bá wù wọ́n ni? Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ irú kejì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní Bìrìtéènì ju òyìnbó lọ. Ọdún 25 ni wọ́n ní kí tiwa ti máa ṣọ́ra fún àtọ̀gbẹ yìí. Ọdún 40 ni ti òyìnbó. Àrùn àgbà la mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ọdún 2000 ni àwọn dókítà níbí ti ń kọ ìròyìn pé àwọn rí i lára ọmọdé. Ṣúgà tí kò yẹ kí ọmọ tó ti lé lọ́dún 11 kọjá lóòjọ́ kò ju gíráàmù 30 lọ. Agolo kóòkì kan ṣoṣo ti kó 35. Ìjọba bu owó orí lé ohun mímu aládùn ní April 2018, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì dín ṣúgà wọn kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Màlítì náà ń kọ́? Àwọn kan nínú wa ṣì ń pò ó mọ́ mílíìkì pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú lọ, magí inú ọbẹ̀ sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ̀wà, ilá, ẹ̀fọ́, mọ́ínmọ́ín ò ṣẹ̀ wá. Adìẹ díndín tí wọ́n ń rà lójú ọ̀nà ilé ìwé, àti epo tí àwa fúnra wa ń dà sí ìkòkò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ibi tó ti le nìyí: ọmọ tó bá ń febi pa ara rẹ̀ kó lè fọn, tí kò sí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ewu kó kó sínú àìsàn àkọ́kọ́ yẹn pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má sọ̀rọ̀ ara ọmọ, oúnjẹ ni kí ẹ yí padà, kó sì jẹ́ ti gbogbo ilé. Ẹ má se tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má pè é ní oróbó, ẹ má sì fi lẹ́pa yìn ín. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ òru mọ bó ṣe rí: ọmọ a gbé oúnjẹ sí makiróweefù, á dá jẹ ẹ́ níwájú fóònù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lẹ lè jókòó jẹun pọ̀, ẹ ṣe é.

Bí ẹ bá fura, ẹ má dúró kó rù tán. Ẹ lọ bá dókítà ìdílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ìjọba ni pé kí ìtọ́jú ọmọ tí tirẹ̀ le bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ti àwọn yòókù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ máa pè wọ́n, ẹ máa yọ wọ́n lẹ́nu. Wọn ò ní dá òbí lẹ́bi. Òbí gan-an ni wọ́n máa ń kọ́ bí yóò ṣe fún ọmọ lóúnjẹ. Àdúrà ò ní dúró, ṣùgbọ́n aláìsàn ò gbààwẹ̀: àlùfáà á sọ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ náà á sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọ̀rẹ́ wa ṣì ń gba ìtọ́jú. Àwọn ọjọ́ kan dára, àwọn kan ò dára. Àǹtí tiẹ̀ pè láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní kí lòun á wá máa kí ọmọ náà bí òun bá tún dé. A ní kí wọ́n ṣáà sọ pé inú àwọn dùn láti rí i.