Eré Okonkwo ti Ọdún 1987 Kì í Ṣe Ẹ̀dà Fíìmù Ọdún 1971

Sí Olóòtú,

Àròkọ tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde, èyí tó sọ pé eré Things Fall Apart tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NTA ṣe lọ́dún 1987 kò ju àtúnsọ fíìmù ọdún 1971 lọ, gba èsì, nítorí pé ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà lo ìwé Chinua Achebe yàtọ̀ síra gidigidi. Fíìmù náà, tí Hans Jürgen Pohland ará Jámánì darí, tí Orlando Martins ọmọ Èkó sì kópa nínú rẹ̀, pa ìwé méjì pọ̀, ìyẹn Things Fall Apart (1958) àti No Longer at Ease (1960), tó fi jẹ́ pé ìtàn Okonkwo, olú ẹ̀dá ìtàn ìwé àkọ́kọ́, àti ti Obi, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ní láti pín àkókò kékeré kan náà. Eré NTA jẹ́ eré alápá púpọ̀, èyí tí wọ́n ń fi hàn ní apá kan tẹ̀ lé òmíràn. Apá 13 ni ó ní, ìwé àkọ́kọ́ ni ó sì dì mú. Àyè tí apá 13 yìí fún ìtàn kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ikú Ikemefuna, ọmọkùnrin tí wọ́n fi sí ìtọ́jú Okonkwo, kò lè dun òǹwòran dọ́kàn bí kò bá kọ́kọ́ rí bí ọmọ náà ṣe di ará ilé Okonkwo, títí tó fi ń pè é ní bàbá. Pete Edochie, tó ṣe Okonkwo, sì rí àyè fi hàn pé ẹ̀rù kí ó má baà jọ bàbá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn gbogbo ìbínú rẹ̀. Ìgboyà fíìmù náà yẹ ní yíyìn, ṣùgbọ́n eré ọdún 1987 ló sún mọ́ ìwé jù. Kí NTA jọ̀wọ́ tún un fi hàn fún àwọn ọ̀dọ́.

Òǹkàwé kan,
Ilé-Ifẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.