Ẹ Jẹ́ Kí Sójà Rí Ibi Ráhùn Sí

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Olú-iléeṣẹ́ Ológun ní Àbújá kéde pé àwọn ti mú ọ̀gá ológun 16. Ìdí tí wọ́n fi síta yẹ kó mú gbogbo wa ronú. Wọ́n ní inú ń bí àwọn ènìyàn náà nítorí pé ìgbéga wọn dúró sójú kan, pé wọ́n ń ṣe ìdánwò ìgbéga léraléra, wọn kò yege. Kò pẹ́ rárá tí ìgboro fi gbé e pé ìdìtẹ̀ gbàjọba ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Ààrẹ Bola Tinubu pààrọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà ológun, ó sì fi Ọ̀gágun Olufemi Oluyede ṣe olórí gbogbo wọn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gba àyípo. Sójà tó bá ní ẹ̀hónú lórí oúnjẹ, owó oṣù, ìgbéga, ohun ìjà tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ lọ sójú ogun, tàbí lórí ìwà ọ̀gá rẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò gbé e lọ, ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sí lábẹ́ ọ̀gá yẹn. Òfin ni kó ṣí ilẹ̀kùn náà fún un. Òfin kan náà ni kó ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́ ọn. Ohun tí à ń ṣe lónìí ni pé a pa á lẹ́nu mọ́ lórí ohun tó mọ̀ jù lọ, a wá ń retí pé kò ní í máa ro ọ̀rọ̀ ìjọba nínú ara rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Ajah lọ sí Ọbáléńdé láàárọ̀ kùtù yóò ti rí i. Ọkọ̀ á ti kún, kọ̀ǹdọ́ á máa pariwo pé Bonny Camp, CMS, kí oníkálukú wọlé pẹ̀lú ṣéńjì. Ọmọdékùnrin kan nínú kàkí á sáré bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á ní “sitáàfù”. Kọ̀ǹdọ́ kò ní í béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èrò á máa kùn lábẹ́lẹ̀ pé agbára ìbọn ni. Ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ ọmọ náà dáadáa: ó ti jẹ nídìí, okùn ọ̀tún kò bá tòsì mu. Yàrá inú bárékè kò kárí, ọ̀pọ̀ wọn ló ń háyà ilé níta bíi tiwa, lójú owó ilé tí gbogbo wa mọ̀ bó ṣe rí láti Langbasa dé Sangotedo. N kò sọ pé kó máa wọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Kọ̀ǹdọ́ náà ní ọmọ nílé, ọlọ́kọ̀ sì ń retí owó rẹ̀ lálẹ́. Ìbéèrè mi ni pé, bí ọmọ yìí bá fẹ́ ro ẹjọ́ owó ilé rẹ̀, ta ni yóò rò ó fún? Ọ̀gá rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ọ̀gá yẹn gan-an ni ẹjọ́ rẹ̀ dá lé lórí ńkọ́?

Òfin ológun wa gbà kí sójà fẹjọ́ sùn. Àmọ́ ọ̀nà tó là sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aláṣẹ rẹ̀, ó sì ń gòkè láti ọwọ́ ọ̀gá kan dé ọwọ́ ọ̀gá mìíràn. Ẹni tó ń gba ẹjọ́ ni ẹni tó ń kọ ìwé ìgbéga, òun náà ló lè ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí Borno lọ́la. Mélòó nínú wa ni yóò gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn, a rí ohun tójú wọn rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Ọ̀gágun Olusegun Adeniyi tó ń darí ogun Boko Haram ní ìlà-oòrùn àríwá fara hàn nínú fídíò kan láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé bí ọ̀tá ṣe rọ̀jò ìbọn lé wọn lórí láti igun gbogbo. Kì í ṣe rìkíṣí ló ń sọ, ohun tójú rẹ̀ rí lójú ogun ni. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì fa ipò rẹ̀ sẹ́yìn ní ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, láǹsì kọ́pùrà kan ṣe fídíò tirẹ̀, ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn olórí ológun pé wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kú. Wọ́n mú òun náà. Bí ọ̀gágun tó ní ìràwọ̀ léjìká bá sọ òótọ́ ojú ogun tó fi jìyà, kí ni ọmọ tó wọkọ̀ ní Ajah yóò sọ?

Ṣáájú wọn, àwọn sójà 54 wà tí ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ní oṣù kejìlá ọdún 2014. Àwọn ọ̀gá wọn ní kí wọ́n lọ gba Damboa àtàwọn ìlú mìíràn padà lọ́wọ́ Boko Haram, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ohun ìjà tó yẹ kò sí. Agbẹjọ́rò Femi Falana ló dúró fún wọn. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ìdájọ́ ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. N kò ní í sọ pé kí sójà máa kọ àṣẹ nígbà tó bá wù ú, torí ogun kì í ṣe ìpàdé ẹbí. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò yẹ kí ìkìlọ̀ pé ìbọn kò tó dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá pè wọ́n sójú ogun kí ó tó dé etí ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i. Ká ní ẹnìkan wà ní Àbújá tí wọ́n lè kọ̀wé sí ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, bóyá kò ní í sí ẹjọ́ ikú, bóyá Damboa ì bá sì ti tètè bọ́ lọ́wọ́ Boko Haram.

Àwa tí à ń gbé ní Lekki ni kò yẹ kí wọ́n sọ fún pé ọ̀rọ̀ abẹ́ ilé ológun ni èyí. Ní oṣù keje ọdún 1990, Raji Rasaki, gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, fún àwọn ará Maroko, àdúgbò tó wà lẹ́bàá wa nígbà náà, ní ọjọ́ méje pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n lé kúrò nílé. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Ilasan àti Ikota, sínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Ní òpin oṣù keje yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn pa ológun 42 nítorí ìdìtẹ̀ gbàjọba tí Gideon Orkar darí. Ìjọba tí kò fàyè gba àròyé láàárín àwọn tirẹ̀ kò fàyè gbà á lọ́wọ́ ará Maroko náà.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni ti tóògéètì. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun wá sí tóògéètì Lekki níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn lórí ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS. Ohun tí iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ sọ ni pé irọ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yí, wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló pe àwọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, Ọ̀gágun Ahmed Taiwo sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Doris Okuwobi pé àwọn ọmọ ogun náà gbé ọta tó ń pani àti èyí tí kì í pani dání. Ìgbìmọ̀ náà ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá mìíràn tọ́rọ̀ kàn, wọn kò yọjú. Ìjábọ̀ wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn 48 tí wọ́n fara gbá, ó ní 11 nínú wọn kú. Ìjọba Èkó kò gba èyí nínú ìwé funfun tirẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá Nàìjíríà lẹ́bi, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó pẹjọ́, kí wọ́n sì wádìí ẹni tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Kì í ṣe ọ̀gágun nìkan ló wà ní tóògéètì yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ogun tó kéré nípò wà níbẹ̀, wọ́n mọ àṣẹ tí wọ́n gbọ́, wọ́n mọ ẹni tó pa á, wọ́n mọ ọta tó wà nínú ìbọn wọn. Ká ní ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀rí-ọkàn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ibo ni ì bá gbé e lọ láìjẹ́ pé ó fi iṣẹ́ àti òmìnira rẹ̀ wewu? Ará Èkó ń wá òtítọ́, òtítọ́ náà ń sùn nínú bárékè. Ìpalẹ́numọ́ sójà ló ṣe ará ìlú ní ibi yìí.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò fi dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìwúwo. Wọ́n á ní a kì í ṣe ọmọdé, a ti rí ìdìtẹ̀ gbàjọba ní 1966 lẹ́ẹ̀mejì, a rí 1975, 1983, 1985 àti 1993. Wọ́n á ní bí sójà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí owó lónìí, ọ̀la ni yóò jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó jẹ Ààrẹ. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ìdìtẹ̀ wọ̀nyẹn ló ti inú àròyé tí wọ́n kọ sí ìwé wá? Inú òkùnkùn ni wọ́n ti pète gbogbo wọn. Ìpalẹ́numọ́ wà nígbà yẹn, kò dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn ọmọ ogun Mali bẹ̀rẹ̀ sí í fapá jánú ní àgọ́ Kati pé wọ́n ń rán àwọn lọ bá ọ̀tẹ̀ àríwá jà láìsí ohun ìjà gidi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìjọba dojú dé. Ní Burkina Faso, àwọn tó wà ní àgọ́ Inata ránṣẹ́ pé oúnjẹ ti tán lọ́wọ́ àwọn, pé ẹran tó wà láyìíká ni àwọn ń pa jẹ. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn títí ọ̀tá fi kọlù wọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó lé ní 50 ènìyàn kú. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, ológun gbàjọba. Ní Bẹ̀nẹ̀ tó fara ti ẹnu ilé wa, àwọn sójà fara hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025 pé àwọn ti lé Ààrẹ Patrice Talon. Lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ ni pé ìjọba gbàgbé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó kú ní àríwá àti ìdílé tí wọ́n fi sílẹ̀. Bàálù ogun Nàìjíríà wà lára ohun tó dá wọn dúró. Ohun tí wọ́n ṣe burú, ó sì dára pé kò yọrí sí rere fún wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ opó sójà tó ń wá owó ọkọ rẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ẹnu ọlọ̀tẹ̀ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ Jámánì ṣe nǹkan kan tí mo fẹ́ ká yá lò. Lẹ́yìn tí Hitler ti fi ọmọ ogun wọn ba ayé jẹ́, wọ́n tún òfin ìlú wọn ṣe ní 1956, wọ́n dá ipò kan sílẹ̀ ní ilé aṣòfin. Ẹni tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ẹjọ́ sójà. Ọmọ ogun èyíkéyìí, bó ti wù kó kéré tó, lè kọ̀wé sí i tààrà láìgba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kọjá, wọn kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ẹni náà ń kọ ìjábọ̀ fún ilé aṣòfin, tí gbogbo ìlú sì ń kà á: bárékè tó ń jò, bàtà tí kò tó, ọ̀gá tó ń na ọmọ ogun. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ológun wọn kò gbàjọba.

Ní ti òṣèlú, èrò mi le. Sójà kò gbọdọ̀ bá olóṣèlú pín súyà ní àgbàlá rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi kàkí polongo, kò gbọdọ̀ ṣọ́ ilẹ̀ fún ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì. Ará Ajah mọ bí ọkàn ṣe ń já nígbà tí ènìyàn bá dé orí ilẹ̀ tó rà tó bá kàkí níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó dìbò. Òfin ìdìbò ọdún 2022 kò pèsè ọjọ́ mìíràn fún àwọn tí iṣẹ́ bá gbé lọ lọ́jọ́ ìdìbò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sójà wà lẹ́nu ìṣọ́ lọ́jọ́ náà láì fọwọ́ kan àpótí. Ghana ń jẹ́ kí tiwọn dìbò ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ti sọ tirẹ̀ nínú àpótí, kò sí àwáwí fún un mọ́ láti sọ ọ́ láti ẹnu ìbọn.

Ẹ̀yin ará Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ̀jú-Lekki, àwọn olóṣèlú yóò máa kanlẹ̀kùn yín nítorí ìdìbò 2027. Kí ẹ tó bi wọ́n nípa ọ̀nà àti omi, ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé ṣé wọ́n á gbé àbádòfin lọ síwájú ilé aṣòfin fún ọ́fíìsì tí sójà lè fẹjọ́ sùn sí, tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ológun, tí yóò sì máa jábọ̀ fún àwọn aṣòfin lójútáyé. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé aṣòfin báyìí, sáà yín parí ní oṣù kẹfà ọdún 2027. Àyè ṣì wà láti ṣe é kí ẹ tó lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é.