Iṣẹ́ Tí Oníbàárà Gbé Wá, Iṣẹ́ Tí Ọkàn Rán Ni

Láti ọdún 1963 títí di 1975, West Africa Publicity, ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní Èkó, ló ń san owó oṣù fún Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere. Fọ́tò tí yóò mú kí ọjà ẹlòmíràn tà ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Àmọ́ láti ọdún 1968, tí owó oṣù yẹn ṣì ń wọlé, wọ́n tún ń ya ohun kan tí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà wọ́n: irun orí àwọn obìnrin. Wọ́n ń yà á ní òde ìnáwó, wọ́n ń yà á ní ìgboro, wọ́n ń yà á níbi iṣẹ́. Ìpàkọ́ ni wọ́n sábà máa ń dojú kámẹ́rà kọ, nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ orí. Ojú ẹni tó ni irun kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tí wọ́n fi dágbére fáyé ní oṣù kejì ọdún 2014, fọ́tò irun wọ̀nyí ti tó nǹkan bí 1,000.

Fọ́tò irun yìí ló gbé orúkọ wọn dé ilé àfihàn Fondation Cartier ní Paris lọ́dún 2000, ló gbé e dé àfihàn Documenta ní ilẹ̀ Jámánì lọ́dún 2007, ló sì gbé e dé àfihàn Biennale ní Venice lọ́dún 2013. Ta ló rántí ìpolówó kan ṣoṣo nínú èyí tí wọ́n yà? Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ onífọ́tò fi máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀rí nígbàkigbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa: pé iṣẹ́ tí oníbàárà gbé wá, oúnjẹ òòjọ́ lásán ni, pé èyí tí ọkàn rán ni nìkan ló tó iṣẹ́. Mo fẹ́ràn Bàbá Ojeikere débi pé n kò lè dákẹ́ kí wọ́n máa fi ìdajì ìtàn wọn ṣe ẹ̀rí.

Ìdajì kejì rèé. Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ni wọ́n ti bí wọn lọ́dún 1930. Ọdún 1950 ni wọ́n ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ wọn, Brownie D. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ lẹ́tà léraléra sí ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, wọ́n ń tọrọ iṣẹ́, títí wọ́n fi rí i gbà lọ́dún 1954: olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ti ń ya fọ́tò fún WNTV, tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959. Gbogbo èyí, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Níbẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti mọ oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù, níbẹ̀ ni ojú wọn ti mọ ìmọ́lẹ̀. Tí mo bá ń wo fọ́tò irun wọn, mo máa ń rí onífọ́tò ìpolówó ọjà nínú rẹ̀: ẹ̀yìn fọ́tò mọ́, kò sí ẹrù kankan níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń fa ìlà irun yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ló wà láàárín, ojú kò sì lè yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí a ṣe ń ya ọjà tí a fẹ́ kí ènìyàn rà nìyẹn.

Ká má sì gbàgbé owó. Fíìmù ni wọ́n ń lò, fọ́tò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà kò sì pọ̀. Ẹ ra fíìmù, ẹ ra oògùn, ẹ ra bébà, ẹ wọkọ̀ lọ, ẹ wọkọ̀ bọ̀. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, bí àwọn àgbà ti wí. Fún ọdún méje àkọ́kọ́, orí owó oṣù ìpolówó ni ìhìnrere irun náà gùn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún apá kejì náà. Oníbàárà wo ni ìbá sanwó fún ìpàkọ́ 1,000? Oníbàárà ti mọ ohun tó fẹ́ kí ó tó pe onífọ́tò, ibẹ̀ gan-an sì ni ààlà iṣẹ́ rẹ̀ wà: kò lè béèrè ohun tí kò tíì rí. Ní 1968, irun dídì àti irun kíkó kún ojú títì, ojoojúmọ́ ni gbogbo ènìyàn ń rí i, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i bí ohun tó yẹ ní títọ́jú. Ṣùkú, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kòlẹ́sẹ̀, onílé gogoro tí wọ́n fi òwú kó nàró sókè: ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń lò lórí kí onídìrí tó tú wọn. Ọwọ́ ọlọ́nà ni, tí kì í pẹ́ kó tó parẹ́. Bàbá Ojeikere ti wọ ẹgbẹ́ Nigerian Arts Council lọ́dún 1967, wọ́n sì wo irun obìnrin bí ẹni ń wo ère tí agbẹ́gilére ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tán. Iṣẹ́ ìpolówó ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Iṣẹ́ irun yìí kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sì sí oníbàárà tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí n kò ti ní gbà fún àwọn ọ̀dọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé fọ́tò oníbàárà kò ní ẹ̀mí. Lọ́dún 1978, Stephen Sprague, onífọ́tò kan láti Amẹ́ríkà, tẹ àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí fọ́tò yíyà láàrin Yorùbá. Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti wo iṣẹ́ náà fínnífínní. Ó rí àgbàlagbà tó jókòó, tó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, tí aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Ó tún rí fọ́tò ìbejì. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ṣaláìsí kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó ni. Tó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn á yà á. Wọn á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn á tún yà á. Àwọn òbí ló gbé iṣẹ́ náà wá, owó wọn ni wọ́n fi ṣe é. Onífọ́tò àdúgbò tó ń ya pásípọ́ọ̀tù fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sì ṣe é fún wọn. Nínú gbogbo fọ́tò tí ọkàn rán onífọ́tò tí mo ti rí lára ògiri ilé àfihàn, díẹ̀ ló wọ̀ mí lára tó ìyẹn.

Ohun kan tún wà nínú fọ́tò oníbàárà tí a kì í kà kún: ẹni tó wà nínú fọ́tò ló láṣẹ. Òun ló mú aṣọ tó wù ú, òun ló mọ bí yóò ṣe jókòó, tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, onífọ́tò á tún un yà. Nínú iṣẹ́ ọkàn, onífọ́tò ni ọba. Àní lábẹ́ fọ́tò irun tí mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ yẹn, orúkọ irun ni a sábà máa ń kà, a kì í rí orúkọ ẹni tó ni orí. Ó yẹ kí ìyẹn máa dun àwa tí à ń pe iṣẹ́ ọkàn ní iṣẹ́ mímọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí apá méjèèjì nínú ayé ènìyàn kan ṣoṣo, kí ó wo Dorothea Lange ti Amẹ́ríkà. Sítúdíò tí àwọn olówó ń wá ya fọ́tò ló ní ní San Francisco. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wọn dẹnu kọlẹ̀, ó gbé kámẹ́rà bọ́ sí ìgboro lọ́dún 1933, láìsí ẹni tó rán an, ó ya àwọn ọkùnrin tó tò fún oúnjẹ ọ̀fẹ́. Irú fọ́tò ìgboro bẹ́ẹ̀ ló gbé e dé iṣẹ́ ìjọba lọ́dún 1935. Ní oṣù kẹta 1936, ó ti parí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ilé ló ń lọ, nígbà tó kọjá pátákó tó júwe àgọ́ àwọn alágbàṣe oko ní Nipomo, California. Ó ti wakọ̀ tó nǹkan bí máìlì 20 síwájú kí ọkàn rẹ̀ tó dá a padà. Ìyá tó bá níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Migrant Mother. Iṣẹ́ ìjọba ni àbí iṣẹ́ ọkàn? Owó ìjọba ló ra epo ọkọ̀ àti fíìmù, ọkàn ló yí ọkọ̀ padà. Fọ́tò náà di ti ìjọba, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè tẹ̀ ẹ́, Lange kò sì ní ẹ̀tọ́ sí owó kankan lórí rẹ̀. Ìyá inú fọ́tò náà kò rí kọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn oníròyìn rí i lọ́dún 1978, inú rẹ̀ kò dùn sí fọ́tò náà rárá.

Lọ́dún 1942, ìjọba tún gbé iṣẹ́ fún Lange: kí ó ya bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Japan lọ sí àgọ́ ìhámọ́. Ohun tó rí ló yà, ohun tó sì rí kò bu iyì kún ìjọba. Àwọn ológun gbẹ́sẹ̀ lé fọ́tò náà títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, báyìí ni àwọn tó kórìíra iṣẹ́ oníbàárà ṣe máa ń bá wa wí. Ẹnu Lange sọ òdodo ní tirẹ̀. Ẹni tó ni dòdò ló fọwọ́ bò ó.

Ẹni tí kò ní oníbàárà rárá ńkọ́? Vivian Maier, tó ń bá àwọn ìdílé tọ́jú ọmọ ní Chicago, ya fọ́tò tó lé ní 100,000 láìsí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Lọ́dún 2007, wọ́n ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo nítorí owó ibi ìkẹ́rùsí tí kò rí san, ó sì kú lọ́dún 2009 kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ọ̀pọ̀ fíìmù rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tí kò fọ̀. Òmìnira rẹ̀ pé pérépéré. Kò sì sí ẹnì kan tó jókòó tì í kó sọ pé, "Èyí dára, padà lọ ya sí i." Bóyá bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Lójú tèmi, ó wọ́n jù.

Nígbà mìíràn, ẹni tó ń sanwó a máa rí ohun tí onífọ́tò kò rí nípa ara rẹ̀. Pierre Verger, ọmọ Faransé, dé Bahia ní Brazil lọ́dún 1946, ìwé ìròyìn O Cruzeiro ló ń ya fọ́tò fún níbẹ̀. Ìfẹ́ àwọn ọmọ òrìṣà tó bá ní Bahia ló fà á kọjá òkun wá sí ilẹ̀ wa, owó ìrànwọ́ láti ilé ìwádìí IFAN ní Dakar ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe. Olórí IFAN, Théodore Monod, kò gba fọ́tò nìkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Verger kò ro ara rẹ̀ sí òǹkọ̀wé. Àmọ́ láti inú ohun tí onígbọ̀wọ́ béèrè yẹn ni àwọn ìwé rẹ̀ ti ń jáde, títí kan èyí tó tẹ̀ lọ́dún 1968 lórí òwò ẹrú láàrin etíkun wa àti Bahia. Kétu ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ nífá lọ́dún 1953, tó di Fátúnmbí. Ìyẹn, kò sí onígbọ̀wọ́ tó lè béèrè rẹ̀.

Ní tèmi, ìbéèrè pé ta ló sanwó kò tó láti fi wọn iṣẹ́ onífọ́tò. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ọwọ́ ta ni nẹ́gátíìfù wà. Ti àgọ́ ìhámọ́ tí Lange yà wà lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba sì tì í pa. Ti irun wà nílé Bàbá Ojeikere, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n dá sítúdíò tiwọn, Foto Ojeikere, sílẹ̀ lọ́dún 1975, nígbà tí ayé sì ṣetán láti wò ó, ó wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fi ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ya fọ́tò, àfi tí àdéhùn àkọsílẹ̀ bá sọ ohun mìíràn. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ onífọ́tò òde kò tíì ka àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, àwọn mìíràn a sì pa gbogbo fọ́tò òde rẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún òde Sátidé tó ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n ń pa rẹ́ yẹn ló ń bí mi nínú. Aṣọ ẹbí ọdún yìí, bí wọ́n ṣe wé gèlè ọdún yìí, ìkíni ìyá ọkọ, owó tí wọ́n ń ná lé olórin lórí: irun 1968 ti òní nìyẹn, oníbàárà ló sì ń sanwó fún un. Andrew Esiebo, tó ti ya ìsọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láìgbàgbé iṣẹ́ tí àwọn ilé ìròyìn òkèèrè ń gbé fún un, ti ya òwàmbẹ̀ bí iṣẹ́ ọkàn. Ibì kan náà, ìnáwó kan náà, ojú tó fi wò ó ló yàtọ̀. Nígbà tí onífọ́tò TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah ní Èkó fún ìwé ìròyìn ThisDay Style ní 2016, obìnrin tó gbé búrẹ́dì lórí ṣèèṣì kọjá sínú fọ́tò. Bello lè ti fi í sílẹ̀, torí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ó wá obìnrin náà kàn, ó sì yà á ní tirẹ̀.

Àmọ́ tí a bá tọ́jú fọ́tò oníbàárà, tí a wá ń gbé e lọ sí ilé àfihàn lẹ́yìn ọdún 40 bí ẹni pé iṣẹ́ ọkàn wa ni, a jẹ ẹnì kan ní gbèsè. Ìyàwó tó sanwó fún fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ nígbà náà kò sanwó kí àjèjì lè máa wò ó lára ògiri. Òfin lè sọ pé tiwa ni. Kí a tó gbé e kọ́, kí a wá ìyàwó náà lọ sílé, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, kí a bi wọ́n, tí wọ́n bá sì ní rárá, kí a dá fọ́tò náà padà sínú àpótí.