ÈÉFÍN NI KÍ WỌ́N WỌ̀N, KÌ Í ṢE ÀPÒ WA

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin rẹwáyà, àti gbogbo ẹni tí iṣẹ́ ọkọ̀ ń bọ́ ní Akúrẹ́ àti Oǹdó: Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ àti àyẹ̀wò èéfín ni.

Kò sí ẹni tí ó ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnì nítorí fáàrí. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti nọ́ọ̀kì, ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún awakọ̀: kí ó gbé ọkọ̀ kalẹ̀ kí ebi máa pa ọmọ, tàbí kí ó lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, l'Ékòó, kí ó ra èyí tí ó ti òkè òkun bọ̀. Ní 1975 tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ìrètí wa ni pé ilé ni a óò ti máa rí ẹ́ńjìnì tuntun rà. Ìrètí náà kò ṣẹ. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn lò kù ni a ń lò. UNEP, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, sọ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní Oṣù Kẹwàá 2020 pé láàrin 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni wọ́n tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó lọ sí àwọn ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́, Áfíríkà ni ó sì gbà jù.

Ẹ wo ilẹ̀ Japan. Bí ọkọ̀ tuntun bá ti pé ọdún 3, dandan ni kí ó lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, ọdún méjì méjì ni. Owó àyẹ̀wò náà kì í ṣe kékeré, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ta ọkọ̀ wọn dànù. Àyẹ̀wò tiwọn ni ó ń lé ẹ́ńjìnì náà kúrò nílé, àwa ni a ń fi owó gbà á wọlé. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí àyẹ̀wò tiwa tún wá sọ wá di ọ̀daràn nítorí pé a rà á?

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò kan tí a kò ní dárúkọ. Ohùn ẹ́ńjìnì náà tutù, ẹ kò lè rí èéfín lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo nọ́mbà ẹ́ńjìnì, ó wo ìwé, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn mu. Ni ó bá ní ọkọ̀ náà kò yege nípa èéfín. Kò sí ẹni tí ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà rárá! Lọ́jọ́ kan náà, lọ́rì tí ó ń rọ́ èéfín dúdú bí ẹni ń dáná oko gba ìwé tirẹ̀, ó lọ, nítorí pé nọ́mbà tirẹ̀ pé. Ẹ̀yin ènìyàn wa, àyẹ̀wò wo nìyẹn?

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣé é fi pamọ́. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí èéfín bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ríǹgì ti jẹ, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, omi ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni èyí tí ojú kì í rí. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ni ó lè pa ènìyàn sínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Wọn a ti ọwọ́ ẹ̀rọ náà bọ inú sàlẹ́ńsà, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò sọ iye carbon monoxide àti iye epo tí kò jó tán tí ó ń jáde. Ti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ mìíràn wà tí í wọn bí èéfín rẹ̀ ti ki tó. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ wọ̀nyí lọ́wọ́, kí ó má ṣe sọ fún wa pé òun ti yẹ èéfín wò.

Wọ́n lè sọ pé, ‘Bí ẹ́ńjìnì náà bá jẹ́ ti olè ńkọ́?’ Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kí wọ́n béèrè rìsíìtì, kí ọlọ́pàá wo nọ́mbà, kí wọ́n kọ nọ́mbà tuntun sínú ìwé ọkọ̀. A kò bá ìyẹn jà. Ohun tí a ń sọ ni pé ta ni ó ni ẹ́ńjìnì jẹ́ ìbéèrè kan, kí ni ẹ́ńjìnì ń tú jáde jẹ́ ìbéèrè mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀, àárín wọn ni owó ẹ̀yìn ń gbà kọjá.

Ní Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin èéfín ti le gan-an, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. Wọ́n ní kí ẹ́ńjìnì náà má ṣe dàgbà ju ọkọ̀ lọ, kí gbogbo ohun tí ó ń fọ èéfín rẹ̀ wà lára rẹ̀ pátápátá, kí awakọ̀ sì gbé e lọ bá onídàájọ́ kan tí ìjọba yàn. Bí ó bá yege, wọn a lẹ àmì kan mọ́ ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ parí. Òfin le, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ là, olúkúlùkù sì mọ ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń béèrè.

Kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Akátá ibẹ̀ ni epo. Òjé wà nínú pẹtiróòlù wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìjọba Áfíríkà fẹnu kò ní Dakar ní 2001, nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2006, wọ́n ti yọ òjé kúrò nínú pẹtiróòlù ní ìhà gúúsù Sàhárà. Kì í ṣe nípa dídá awakọ̀ dúró lójú títì ni wọ́n fi ṣe é. Orísun epo ni wọ́n ti tún un ṣe. Ní 2020, ECOWAS ṣe òfin pé láti Oṣù Kìíní 2021, imí ọjọ́ inú epo tí a ń kó wọlé kò gbọdọ̀ ju ìdá 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Síbẹ̀, ní Oṣù Kejì 2022, pẹtiróòlù tí mẹtanóòlù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, ìjọba fúnra rẹ̀ kéde rẹ̀. Ọkọ̀ ta ni ó bàjẹ́? Lẹ́yìn náà, ní òpin Oṣù Kárùn-ún 2023, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ó ń fi gbogbo èrè rẹ̀ ra epo, ibo ni yóò ti rí owó tún ẹ́ńjìnì ṣe?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń gbèjà èéfín. Ní Oṣù Kẹfà 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ta ni ó ń fà á símú jù? Awakọ̀ ni, ọmọ ọkọ̀ ni, ìyá tí ó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì ni, ọmọ iṣẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ni. Nítorí náà, àwọn tí ń gé catalyst, àpótí tí í fọ èéfín, tí wọ́n ń tà á nítorí irin olówó iyebíye inú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́. Ẹni tí ó sì ń ra ẹ́ńjìnì, kí ó má ṣe ra orí kí ó fi ọpọlọ sílẹ̀: kí ó gba brain box rẹ̀, wáyà rẹ̀ àti sensor rẹ̀ pọ̀, kí ó sì gba rìsíìtì tí nọ́mbà ẹ́ńjìnì wà lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí a dè pẹ̀lú wáyà àlẹ̀mọ́ kò lè yege lójú ẹ̀rọ, ìyà rẹ̀ yóò sì jẹ gbogbo wa.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà ní Alágbàká nìyí.

Ìkíní: kí ẹ̀rọ tí í wọn èéfín wà ní Akúrẹ́, kí ó sì wà ní Oǹdó pẹ̀lú, kí ará Oǹdó má baà fi odidi ọjọ́ iṣẹ́ gba Bọ́lọ́rundúró àti Ọ̀wẹnà kọjá nítorí àyẹ̀wò ìṣẹ́jú díẹ̀. Òfin NESREA lórí èéfín ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ láti 2011. Òfin tí kò ní ẹ̀rọ, ọ̀pá ìlù lásán ni.

Ìkejì: kí wọ́n lẹ owó pípààrọ̀ nọ́mbà ẹ́ńjìnì mọ́ ara ògiri, kí ó jẹ́ iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú rìsíìtì.

Ìkẹta: kí awakọ̀ tí kò yege gba ìwé tí iye tí ẹ̀rọ kà wà lórí rẹ̀, kí ó sì ní àkókò láti tún ọkọ̀ ṣe kí ó tó padà wá.

Ìkẹrin: kí wọ́n yẹ ọkọ̀ ìjọba wò ṣáájú tiwa.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí gáréèjì, kí ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò lè kàwé. Ẹni tí wọ́n bá tún ní kò yege nípa èéfín láìfi ẹ̀rọ kan ọkọ̀ rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ó mú un wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ẹnìkan kò lè dá pariwo kí ìlú gbọ́. Bí a bá pa ohùn pọ̀, wọn yóò gbọ́ ní Alágbàká.

Ẹgbẹ́ wa kò ní túká o.