Olùwòran àti Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò

Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni Yorùbá ń pe ẹni tí ń kan ẹ̀ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹdẹ tó bá ń wò ó lórí tẹlifíṣàn nìkan lè rò pé ẹwà èdè lásán ni. Ẹni tó jókòó nítòsí ni yóò gbọ́ kíkù náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, kọlu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Pápá Ìṣeré Liberty, Ìbàdàn. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò jáde mọ́. Àwọn olùwòran kan a máa pe irú èyí ní ojo, bí ẹni pé owó ìwọlé tí wọ́n san ra orí ẹlòmíràn. Irọ́ gbáà ni. Ìjà náà ni Fullmer jà kẹ́yìn. Ó wà láyé títí di ọdún 2015.